Ó Wọlé

Agogo mẹ́fà ìdájí, Kemijärvi ò tíì mọ́,
kò sì ní í mọ́ kí agogo mẹ́wàá tó lù.
Oṣù Kejìlá lèyí, ọ̀lẹ ni oòrùn ìhín.
Mo ti fọ́n omi sórí pápá họ́kì lóru àná,
ó ti di yìnyín, ó ń dán bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.
Pihla dé pẹ̀lú àpò tó ga jù ú lọ,
bàbá rẹ̀ ń wọ́ ọ bọ̀ lẹ́yìn bí ẹni wọ́ màlúù.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ.
Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo bi àwọn ọmọ léèrè: ta ni yóò ṣọ́lé?
Gbogbo wọn wo bàtà ara wọn.
Òun nìkan ló gbójú sókè,
iná pápá tó ń ṣẹ́jú ló ń wò.
Mo bá ní, "Ìwọ."

Ìdí nìyí tí mo fi ń di tìmùtìmù mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.
Ti Oiva ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ó kọjá orúnkún dé itan.
Okùn mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì,
ìka mi ti kú tán kí n tó dé ìkẹfà.
Ó dìde, ó ṣubú. Ó dìde.
Ó rí bí ìrọ̀rí tí wọ́n gbé lé orí ọ̀bẹ méjì.

Mi ò kọ́ ọ bí a ṣe ń gbá nǹkan dànù.
Bí a ṣe ń dúró ni mo kọ́ ọ.
Tẹ orúnkún, bí ẹni fẹ́ jókòó
tó wá rántí pé àga ò sí.
Ọ̀pá sílẹ̀. Ṣí ọwọ́, kí n rí àtẹ́lẹwọ́ ìbọ̀wọ́ yẹn.
Fi ọ̀pá kan irin ọ̀tún, kan irin òsì,
kí o lè mọ ibi tí ilé wà láìbojú wẹ̀yìn.
Ó kàn án. Kọ́. Kọ́.
Ó dùn mọ́ ọn létí, ó tún kàn án,
ó kàn án títí mo fi ní, "Ó tó, Pihla, ilé ò tíì sá lọ."

Rọ́bà dúdú ọ̀hún ò ju ìdérí ìgò oyin lọ.
Mo rọra tì í sí i. Ó dijú.
Mo tún tì í. Ó dijú.
Ó wọlé lẹ́ẹ̀meje, ó dijú lẹ́ẹ̀meje,
omijé ń dì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn irin ìbòjú.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú;
àgbà ló ń wo ẹ̀yìn.
Ta ló wá sọ aṣọ́lé kékeré yìí dàgbà,
tó jẹ́ pé bó bá ti ṣubú, ẹ̀yìn ló ń wò,
inú àwọ̀n, níbi tí nǹkan dúdú náà sùn sí?

Èmi náà dijú rí.
Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣọ́lé fún iléeṣẹ́ pákó,
orúnkún mi ń ké bí ilẹ̀kùn tí mo bá gun àtẹ̀gùn,
ṣùgbọ́n ohun tí mo ń gbọ́ lóru kì í ṣe orúnkún.
Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.
"Má mú un. Ṣé o gbọ́? Mi ò fẹ́ kí o mú un lónìí.
Bó bá máa wọlé, kó wọlé.
Kí o sáà rí i bó ṣe ń wọlé."
Ó fa imú. "Raili, tó bá bà mí ńkọ́?"
"Yóò bà ọ́. Kí lo rò pé a wọ gbogbo ìrọ̀rí yìí fún?"

Mo padà sẹ́yìn. Mo tì í, kò yá, kò falẹ̀.
Láàárín irin, ó ranjú kalẹ̀ bí òwìwí,
ó ń tẹ̀ lé e, ó ń tẹ̀ lé e,
orí rẹ̀ ń yí bó ti ń bọ̀,
ó yọ́ gba abẹ́ apá rẹ̀, ó kan àwọ̀n.

"Mo rí i!" Èéfín ń jáde lẹ́nu rẹ̀.
"Lẹ́tà funfun kan wà lára ẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́!"
Mo ju ọ̀pá mi sókè,
mo ń jó lórí yìnyín, tèmi torúnkún mi yìí.
Bàbá rẹ̀ yọjú lókè ògiri pákó pẹ̀lú ife kọfí,
ó wo àwọ̀n, ó wò mí.
"Ṣé kò wọlé ni?"

"Ó wọlé!" ni àwa méjèèjì dá a lóhùn,
Pihla sì ti yí padà sídìí irin rẹ̀.
Kọ́.
Kọ́.