Àgùntàn Tó Ń Sá fún Oòrùn

Ní Magallanes, ní ìsàlẹ̀ pátápátá ayé,
níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń bá koríko jà tọ̀sán-tòru,
Eleuterio Huenchul kíyè sí àgùntàn kan.
Àwọn yòókù ń jẹ̀ kiri ní gbangba;
òun nìkan ló fara ti ògiri abà,
imú rẹ̀ ti bó, èépá bo etí rẹ̀.
Koríko kan náà sì ni gbogbo wọn ń jẹ.

Lọ́jọ́ tó dúńbú rẹ̀, ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀:
ẹ̀dọ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò,
dúdú, ṣùgbọ́n kò rà, kò rùn.
Ìyàwó rẹ̀ ní, "Jù ú fún ajá."
Kò jù ú. Ó fi iyọ̀ sí i nínú agolo bisikíìtì,
ó wọkọ̀ wákàtí márùn-ún lọ sí Punta Arenas.

Zdenka Marušić, dókítà ẹran,
bẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà,
ó fi sábẹ́ maikirosíkóòpù, ó ní, "Wá wò ó."

Ohun tí darandaran rí kò jọ ikú.
Sẹ́ẹ̀lì lẹ́gbẹ̀ẹ́ sẹ́ẹ̀lì, bí yàrá tí a gbá,
odi wọn ò yẹ̀, ọkàn wọn wà láàárín,
àfi nítòsí ojú àgbàrá tóóró
tí òróòro ń gbà jáde:
àpò wínníwínní, àpò wínníwínní,
tí gbogbo wọn kún fún ẹ̀tù dúdú.

"Ẹ̀jẹ̀ tó gbó a máa di aró," ni Zdenka wí,
"koríko náà ní aró tirẹ̀.
Ẹ̀dọ̀ á gbà á, á yọ́ ọ, á tì í dé ẹnu ibodè.
Oníbodè ni kò sí níbẹ̀.
Wọn ò bí i mọ́ ọn."
Ẹrù tí kò rọ́nà lọ ni sẹ́ẹ̀lì ń dì pamọ́.
Aró koríko padà sínú ẹ̀jẹ̀, ó dé awọ,
oòrùn bá a níbẹ̀, ó dáná sun ún.

Wọ́n máa ń ní ká fẹ̀dọ̀ lórí òróòro.
Èyí fi lé e, ó fi lé e,
títí ó fi dúdú.

Eleuterio gbójú kúrò lára gíláàsì.
"Ṣé ó dùn ún?"
"Ẹ̀dọ̀ kọ́. Oòrùn nìkan ni."
Kò béèrè nǹkan mìíràn. Ó gbàgbé agolo sórí tábìlì.

Àgùntàn náà fi ọmọ kan sílẹ̀, ọmọ oṣù mẹ́ta,
tí òun náà ti ń fara ti ògiri.
Lọ́jọ́ Sátidé, ó kan ògbólógbòó páànù mẹ́rin mọ́ igi,
ó fi òkúta tẹ̀ ẹ́ nítorí afẹ́fẹ́,
ó jókòó sábẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ń wọn ibòji.
Ó kù díẹ̀ lápá ìwọ̀-oòrùn.
Ó dìde, ó lọ wá páànù karùn-ún.