Nọ́ńbà Màmá Àjíhun

Nọ́ńbà fóònù nìkan ni wọ́n ní kí n pààrọ̀.
Màmá Morónfólú Àjíhun,
tó kó kúrò ní Ìdí-Arẹrẹ lọ sọ́dọ̀ ọmọ ní Apẹtẹ,
tí wọ́n já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Dùgbẹ̀.
Nọ́ńbà nìkan. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan.

Ìrọ̀lẹ́ ni, ní Òkè-Pádi,
jẹnẹrétọ̀ ilé ìwòsàn ń wúkọ́,
mo ń sáré kí iná tó lọ.
Mo tẹ nọ́ńbà tuntun, mo ní kí kọ̀ǹpútà gbé e wọlé.
Ó gbé e wọlé lóòótọ́.
Àṣé n kò sọ pé "fi èyí sí àyè rẹ̀",
"fi èyí rọ́pò rẹ̀" ni mo sọ.
Kọ̀ǹpútà ò bèèrè ohun tó wà nínú èèyàn.
Ó kó Màmá dànù,
ó fi fígọ̀ mọ́kànlá jókòó sórí àga rẹ̀.

Orúkọ lọ.
Irú ẹ̀jẹ̀ lọ.
Ìfúnpá ọdún mẹ́sàn-án lọ,
àti ìlà tí Dókítà Láníhùn fi lẹ́tà gàdàgbà kọ:
Ẹ MÁ FÚN UN NÍ PẸNISILÍÌNÌ.

Gbọ́lágadé tó kọ́ mi níṣẹ́ wò ó, kò pariwo.
"Orí ló ń fọ́ obìnrin yìí," ó ní, "o wá bẹ́ ẹ."
Ẹ̀dà ìpamọ́ ńkọ́?
Ó wà nínú dísìkì tí òjò pa lọ́dún èṣí.

Mo pe nọ́ńbà náà.
Òun nìkan ló kù, òun náà ló sì mọ ọ̀nà ilé.

Màmá dé lọ́jọ́ kejì, ó jókòó, ó ń ka ara rẹ̀ fún mi:
"Morónfólú. Ti ọkọ ni Àjíhun.
Ọjọ́ ọjà Ọjẹ́ ni wọ́n bí mi, kọ ọdún tó bá wù ọ́.
Abẹ́rẹ́ yẹn wú mi lójú bí àkàrà, kọ ìyẹn sílẹ̀ dáadáa."
Ọmọ mélòó, Màmá?
Mo rántí fáìlì àtijọ́; mo ti tẹ mẹ́rin kó tó dáhùn.
Ó dákẹ́. Fáànù ń yí.
"Márùn-ún ni.
Àkọ́bí lo ọjọ́ mẹ́fà, kò dé ọjọ́ ìsọmọlórúkọ.
Ṣùgbọ́n mo ti sọ ọ́ ní Adéṣínà nínú ikùn mi."

N kò fọwọ́ kan orúkọ. N kò fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀.
Mo wá ibi tí a kọ "ọmọ" sí,
mo yọ mẹ́rin, mo fi márùn-ún sí i.
Àyè kan ṣoṣo.
Gbogbo Màmá tó kù jókòó jẹ́ẹ́.