Jíà Kejì

Lábẹ́ igi furúùtù, létí Ọjà Ayétòrò l'Ẹ́pẹ́,
mo to alùpùpù mọ́kànlá sílẹ̀ bí àgbò Iléyá.
Òmíràn ò ní dígí, òmíràn ò níwèé,
Bàjáàjì pupa kan wà tí táǹkì rẹ̀ ti dípẹtà.
Ẹ má bi mí bóyá tuntun ni.
Tuntun ti di ohun tí à ń wò lókèèrè,
bí ọkọ̀ ojú omi tó ti kọjá Èjìnrìn.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni Wàídì dé.
Kò gùn ún. Ó ń tì í bọ̀
bí ẹni ń fa màlúù tó mọ ibi tí wọ́n ń mú un lọ.
Èmi náà ni mo tà á fún un lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn,
ọ̀kẹ́ mẹ́sàn-án náírà, ó sì tún jẹ mí ní gbèsè fún oṣù kan.
Mo tẹ̀ ẹ́, ó húkọ́ bí arúgbó inú ọyẹ́.
Jíà kejì kọ̀,
ó kọ̀ bí ọmọ tí kò fẹ́ lọ iléèwé.

"Èló lo máa san?"
"Ọ̀kẹ́ méjìdínlógún."
Wàídì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò dé ojú.
"Ó gbó, owó rẹ̀ lé sí i.
Èmi náà gbó.
Owó tèmi ńkọ́?"

Mo fẹ́ ṣàlàyé: náírà ló rù,
kì í ṣe alùpùpù ló sanra.
Ó ní òun mọ̀.
Ó ní tóun bá san owó ilé,
tóun san ti ọsibítù tí wọ́n fi dá ìyàwó òun dúró,
ohun tó máa kù ò ju ìjókòó lọ.

Lára mọ́gáàdì ẹ̀yìn, ọ̀dà funfun: ỌMỌ MÚNÍRÁTÙ.
Ó ní kí n bá òun pa á rẹ́,
kí wọ́n má gbé orúkọ ìyá òun kiri títì lẹ́yìn òun.
Mo fi kẹrosíìnì àti àkísà bá a jà títí ìrọ̀lẹ́.
Múnírátù lọ. ỌMỌ kọ̀, kò lọ.

Ọjọ́ kẹfà ni Tíṣà Òṣínúbi wá láti Nọ́fọ́rìjà,
ó fa fìlà bojú kí akẹ́kọ̀ọ́ má baà dá a mọ̀.
Ìṣirò ló ń kọ́ wọn,
síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta ló ka ogún ọ̀kẹ́ náà kó tó yọ̀ǹda rẹ̀ fún mi.
Èrè mi, ọ̀kẹ́ méjì:
gáàsì ìdáná, gààrì, iṣu mẹ́ta tí kò wú ìyá ilé mi lórí.
Ẹ gbọ́, wọ́n ṣì ń pè mí lálájé.

Ohun tó kù, Tíṣà ló sọ ọ́ fún mi.
Lálẹ́ ọjọ́ Ajé, ọkùnrin kan dá a dúró ní Pápá,
agbọ̀n ẹja lọ́wọ́, ó ń lọ sí Òdò-Ẹ̀gìrì.
Tíṣà ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin. Ọkùnrin náà ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta.
Wọ́n fà á títí, ó dúró sí ẹgbẹ̀ta.
Ó jókòó sẹ́yìn, kò wí nǹkan kan,
kò bi í ibi tó ti rà á,
àfi ìgbà tí wọ́n dé ìdágẹ̀rẹ̀ tí jíà ń pariwo,
ló wá tẹnu bọ Tíṣà létí:

"Má fi agídí tẹ̀ ẹ́.
Jẹ́ kó mí díẹ̀.
Wàá gbọ́ ọ tó máa dún kọ́,
ìgbà yẹn ni kó o gbé e."

Ó sì wọlé, wẹ́rẹ́, bí ẹni pe kò kọ̀ rí.
Tíṣà bojú wẹ̀yìn: "Níbo lo ti mọ̀ ọ́n?"
Kò dáhùn.
Ó san ẹgbẹ̀ta rẹ̀, ó gbé agbọ̀n rẹ̀,
ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ìjókòó náà lẹ́ẹ̀mejì,
ó sì bá etí omi lọ, ẹsẹ̀ ló ń rìn.