Fèrèsé Tó Dákẹ́

Alájà Sìkírátù pè mí láago méje àárọ̀:
"Múníràtù, fèrèsé rẹ tún ti kú o.
Mo tẹ TÀ Á, kò fọhùn.
Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó ń wò mí
bí ẹni tó jẹ mí lówó tó gbàgbé."

Mo gun ọ̀kadà láti Ayétòrò dé Sítéṣọ̀n Róòdù,
kọ̀ǹpútà láyà, àlùbọ́sà ṣì ń rùn léèékánná mi.
Nínú kẹ́míìsì, èèyàn mẹ́ta ń dúró,
ọ̀kan gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná sí èjìká,
kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń wò mí lọ́wọ́.

Bọ́tìnnì kò ní etí. Èmi ni mo so etí mọ́ ọn.
Èmi náà ni mo sì sọ fún etí ọ̀hún pé
bó bá ti gbọ́ ìtẹ̀, kó kọ́kọ́ ka gbogbo oògùn ṣọ́ọ̀bù,
láti Panadó dé oògùn ojú,
ó tó ẹgbàajì, lọ́kọ̀ọ̀kan,
kó tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn.
Òru ni mo kọ ọ́. Mo rò pé mo gbọ́n.

Ó ń kà. Ìtẹ̀ kejì dé, ó bá ìkínní lẹ́nu iṣẹ́,
ìkẹta dúró ti ìkejì,
wọ́n tò bíi garawa nídìí ẹ̀rọ omi ní Òkè-Báálẹ̀
tí ẹni iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í fọṣọ.

Nírọ̀lẹ́ mo ròyìn fún bàbá mi.
Ọdún mọ́kànlélógún ló fi fa ọ̀pá ojú irin
ní sítéṣọ̀n wa níbí:
agogo á dún, apá irin á wálẹ̀, ọkọ̀ á wọlé.
Kò béèrè ohun tí bọ́tìnnì jẹ́.
Ó ń fi abẹ gé èékánná ẹsẹ̀, ó ní:
"Ta ló ní kí ẹni tó ń gbọ́ agogo tún máa ka ẹrù?
Ẹnu tó kún fún iṣu kì í fọn fèrè.
Agogo dún, fa ọ̀pá, jókòó padà.
Ẹrù, gbé e fún Lásúnkànmí ní yàrá ẹ̀yìn;
bó bá kà á tán, kí òun náà wá lu agogo."
Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Mo ka ẹrù lọ́jọ́ kan, èmi."
Kò sọ ìyókù. Ó yí rédíò sókè,
bẹ́ẹ̀ ìròyìn kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Mo tún un kọ lóru náà. Ìlà mẹ́fà péré:
gbọ́, ránṣẹ́, padà sídìí agogo.
Lọ́jọ́ kejì Alájà tẹ̀ ẹ́, ó dáhùn kí ìka tó kúrò.
Ó ní, "Ṣé o rí i? Mo sọ fún ọ pé iná ni kò tó."

Ọkọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ Òṣogbo lóru mọ́.
Ṣùgbọ́n bó bá di aago mẹ́rin ìdájí,
tí ìlẹ̀kùn kan dún ní ilé kejì,
ọwọ́ ọ̀tún bàbá mi á gbéra lójú oorun,
á di afẹ́fẹ́ mú, á fà á.
Mo mọ bí a ṣe ń yọ etí kúrò lára bọ́tìnnì.
Èyí, n kò mọ ìlà tí wọ́n kọ ọ́ sí.