Jẹ́kínsinmi

Inú páálí mílíìkì ni Medúpin ti gbé e wá láti Ìyàrá,
kò ju bàtà ọmọdé lọ.
Mo sọ ọ́ ní Jẹ́kínsinmi,
kí ará ilé kejì gbọ́ ọ, kó yé e.

Lóru àkọ́kọ́, ó sunkún ìyá rẹ̀ títí àkùkọ fi kọ.
Mo fa ìró olóògbé yọ nínú àpótí, mo tẹ́ ẹ fún un.
Ó sùn. Èmi ò sùn.

Medúpin ní, "Bàbá, ajá tí kò bá mọ èèyàn ní kékeré,
ẹ̀rù ni yóò mú un bu èèyàn jẹ."
Ni mo bá há a sábíyá, a jáde:
ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́ pariwo, ó tọ̀ sí mi lára;
ọ̀kadà kọjá, ó gbọ̀n.
Lọ́jọ́ kẹrin, agogo ṣọ́ọ̀ṣì lù, ó kàn na etí kan.

Ilé tí n kò tẹ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú,
ó fi imú ṣílẹ̀kùn wọn.
"Okun o!" Mo dáhùn.

Ó ti jẹ sálúbàtà mẹ́ta, ó jẹ nínú Bíbélì mi, ìwé Jóòbù.
Báyìí, láti ìdí àpáta Ògìdì títí dé ọjà,
àwọn ọmọdé ń ké, "Jẹ́kínsinmi! Jẹ́kínsinmi!"
Ẹnikẹ́ni ò sì jẹ́ kí n sinmi.