Ọkọ̀ Jámánì

Ogún ọdún ni ilé-iṣẹ́ irin fi jẹ mí lówó.
Nígbà tí ìdajì rẹ̀ dé,
Ìyá Moróoyè ti ka páànù, ó ti ka ìṣó,
òun àti káfíńtà ti gun àkàbà wo àjà.
Mo wọ ọkọ̀ èrò lọ sí Ìbàdàn ní kùtù Ọjọ́rú,
mo ní mò ń lọ kí ẹ̀gbọ́n mi tí ara rẹ̀ kò yá.
Ọkọ̀ ara mi ni mo gbé bọ̀.

Aláwọ̀ aró ni, kì í ṣe aró ẹ̀ẹ̀kan péré:
irú èyí tí ìyá mi máa ń rì bọ ìkòkò lẹ́ẹ̀mẹ́ta,
tí yóò gbé sókè wò,
tí yóò ní kò tíì mu aró yó.
Ilẹ̀kùn mẹ́rin, ìjókòó awọ, jíà ọlọ́wọ́.
Ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì: plọ́ọ̀gì mẹ́fà tò sílẹ̀
bí ọmọ ìyá mẹ́fà lórí ẹní kan.

Lúkúmọ̀nù tó tà á béèrè pé,
"Bàbá, ọmọ yín ọkùnrin lẹ rà á fún?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni.
Mi ò purọ́.

Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo wà
nígbà tí Ọ̀gá Kíláòsì gbé irú rẹ̀ wọ ọgbà wa,
tó ju kọ́kọ́rọ́ sí mi pé kí n fọ̀ ọ́.
Mo fọ̀ ọ́. Mo jókòó sínú rẹ̀ díẹ̀,
mo fọwọ́ lé sítíárìn, mi ò yí i.
Eruku irin wà lábẹ́ èékánná mi.
Ó bá mi níbẹ̀. Kò bínú, kò rẹ́rìn-ín;
ó kàn fa áńkáṣíìfù yọ,
ó nu ibi tí mo fọwọ́ kàn.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni ìyàwó mi kò fi bá mi sọ̀rọ̀.
Òjò àkọ́rọ̀ ló la ẹnu rẹ̀.
Ó gbé abọ́ síbi tó ń jò, ó tún gbé korobá,
ó yọjú ní fèrèsé, ó rí mi
tí mò ń fi tapólì bo ọkọ̀ mọ́lẹ̀.
"Ó dára," ó ní, "ọkọ̀ ti rí òrùlé."

Káṣìmáwò, mẹkáníìkì wa ní Òkè-Baálẹ̀,
ní ọkọ̀ Jámánì dà bí àna ẹni:
ohun tó bá béèrè, kéèyàn wá a, kó má jiyàn.
Nínú oṣù Karùn-ún, ike omi rẹ̀ bẹ́.
Nínú oṣù Kẹfà, sẹ́ńsọ̀ kan tí kò tó àtàǹpàkò
gba ewúrẹ́ méjì lọ́wọ́ mi.
Iná pupa kékeré kan ṣì ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù.
Káṣìmáwò ní n má dá a lóhùn.

Ọlọ́pàá dá mi dúró ní Sábó, ìbọn mẹ́ta.
Wọ́n ti rò pé ọwọ́ tẹ ọmọ yáhùú.
Mo sọ gíláàsì kalẹ̀. Irùngbọ̀n funfun ló yọ jáde.
Wọ́n wojú ara wọn.
"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá."

Epo ti wọ́n ju oyin lọ,
nítorí náà, ìdájí Àìkú nìkan là ń jáde,
kí ọ̀kadà tó jí.
Jíà kẹta. Jíà kẹrin.
Ọ̀nà Ìkìrun na ara rẹ̀ sílẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá.
Mo máa ń dúró lẹ́nu géètì ilé-iṣẹ́ irin.
Igbó ti gba ibi tí a ti ń buwọ́ lùwé láàárọ̀.
Mo máa ń pa ẹ́ńjìnnì, kí n lè gbọ́ bó ṣe ń tutù:
tín, tín, tín,
bí irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú iná.

Ní Àìkú tó kọjá, mo bọ́ síta,
mo bá Ìyá Moróoyè níwájú ọkọ̀,
ó ti wé gèlè, ó ti di bẹ́líìtì.
"Òjò kò ṣú," ó ní. "Kí là ń dúró dè?"
Bí mo ṣe wọ jíà kẹrin, ó fọwọ́ ti dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ké "Yéè!"
Ìka márààrún ṣì wà nínú eruku níbẹ̀,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná pupa tí a kì í dá lóhùn.