Ọjọ́ Tí A Kọ Sórí Ìdérí

Bàbá ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.
Ilé oyin mẹ́tàdínlógún ló tò sẹ́yìn abà,
ó ya àwòrán sójú pákó ọ̀kọ̀ọ̀kan:
béárì tó ń jó, ehoro mẹ́ta tó gbé ọdẹ lérí,
kí oyin má baà ṣìlé, ó ní,
kí kálukú mọ ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé, Nežka pé oṣù mẹ́fà.
Eyín kan ti ń yọjú bí èékánná ọmọ ológbò.
Ó ń fi ojú sin ṣíbí wa láti àwo dé ẹnu,
bí a bá ti jẹ, òun náà á jẹ
afẹ́fẹ́.
Ọmú nìkan kò tó o mọ́.
Mo mọ̀. Ó dùn mí díẹ̀. N kò sọ fún ẹnì kan.

Bàbá wọlé, yìnyín ṣì wà léjìká rẹ̀,
ó yọ ìgò kékeré kan lápò:
oyin òdòdó igi lípà, ó mọ́ gaara.
Ó ki ọmọńdinrín bọ̀ ọ́.
“Ìyá mi fi tọ́ mi lẹ́nu lọ́jọ́ keje tí wọ́n bí mi.
Ẹ wò mí. Ọdún méjìdínlọ́gọ́rin.”

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú,
bí ẹni tó mú òròmọdìẹ:
rọra ni, ṣùgbọ́n n kò jù ú sílẹ̀.
Nọ́ọ̀sì Brigita tó wà nísàlẹ̀ odò ti sọ ọ́,
ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó tún kọ ọ́ síwèé:
oyin kì í ṣe ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún.
Nǹkan kan lè máa sùn nínú rẹ̀
tí ikùn àgbà kò kà sí,
tí ikùn ọmọ ọwọ́ kò ní agbára rẹ̀.

Ọkùnrin tó ń fi ọwọ́ lásán kó agbo oyin
wá dúró láàárín ilé ìdáná
pẹ̀lú ìka kan tó ń kán tó, tó,
kò mọ ibi tí yóò gbé e sí.
Ẹnu ara rẹ̀ ló fi í sí níkẹyìn.
Gašper, ọkọ mi, rí iṣẹ́ ṣe lójijì nídìí ààrò.

Ápù ni mo sun.
Méjì tó kù nínú àjà ilẹ̀, ara wọn ti hun jọ.
N kò fi ṣúgà sí i, n kò fi nǹkan kan sí i,
oòrùn ọdún tó kọjá nìkan ló wà níbẹ̀.
Mo gún un, mo sẹ́ ẹ, mo fẹ́ ategùn sí i,
mo gbé e dé ẹnu ọmọ.
Gbogbo wa la ẹnu pẹ̀lú rẹ̀.

Ojú rẹ̀ kákò bí ìwé tí a rún.
Èjìká méjèèjì gòkè. Ara rẹ̀ gbọ̀n.
Ó tu ú sí mi láyà, púà!
Adùn tí a ti ń torí rẹ̀ wo ara wa níwòkuwò látàárọ̀!

Kí n tó nu àyà mi tán,
ọwọ́ rẹ̀ ti wọ àwo bàbá bàbá rẹ̀,
ó ti fa fọ́nrán kábéèjì kan yọ,
kábéèjì kíkan, ti inú àgbá.
Ó mu ún. Omi lé sí i lójú.
Ó lu tábìlì, ó tún nawọ́.

Ẹ̀rín tí bàbá rín, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí.
“Tèmi nìyí,” ó ní, “tèmi gan-an nìyí.”
Ó wá pẹ́ńsù, ó kọ ọ́ sórí ìdérí ìgò:
ọjọ́ kejìlá, oṣù Ògọ́ọ̀sì,
ó gbé e sórí pẹpẹ òkè, lẹ́yìn iyọ̀.

Nírọ̀lẹ́ mo rí i lójú fèrèsé,
nínú yìnyín, níwájú ilé béárì tó ń jó,
ó tẹ̀ síwájú, ó ń bá àwọn oyin rẹ̀ sọ̀rọ̀,
ó pẹ́ níbẹ̀ gan-an.

Lóru, Nežka tún wá ọmú.
Mo fún un.
Ẹnu rẹ̀ ń rùn fún kábéèjì.